Ta Ló Jọ Ọ̀lẹ? Àyẹ̀wò Ewì "Iṣẹ́ Ni Oògùn Ìṣẹ́"

Àbúrò mi ọkùnrin wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbí ní Ọ̀tu. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ọdún 2025, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka ewì "Iṣẹ́ Ni Oògùn Ìṣẹ́" ní àkàtúnkà, nítorí pé olùkọ́ wọn ní kí wọ́n há a sórí kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Bàbá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé. Wọ́n gbé ọ̀kadà wọn ti ògiri, wọ́n bu omi bọ́jú, wọ́n sì jókòó láìsọ̀rọ̀. Àgbàdo tí a ti kó sílé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣì wà níbẹ̀, torí pé iye tí àwọn oníṣòwò tó ń ti Ìbàdàn wá ń dá kò tó owó ajílẹ̀ tí a fi gbìn ín. Àbúrò mi parí ewì rẹ̀, ó wo Bàbá títí, ó wá sún mọ́ mi, ó bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Àǹtí, ṣé ohun tí Bàbá ń ṣe kì í ṣe iṣẹ́ ni?"

N kò rí èsì fún un. Mo ní kó dákẹ́ kí Bàbá má baà gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé ọmọ náà rò ó já. Bí ewì náà bá rí bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa, a jẹ́ pé Bàbá mi kò ṣiṣẹ́ tó. Bí Bàbá mi bá sì ń ṣiṣẹ́ tó, a jẹ́ pé ewì náà kò sọ òótọ́, tàbí pé àwa ni a kò kà á dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà kan èmi gan-an, nítorí pé ọdún yìí ni n óò jáde ní ilé-ìwé girama, gbogbo ènìyàn ló sì ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ayé mi ṣe. Mo mú ìwé Aláwìyé àbúrò mi, mo sì ka ewì náà bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Olóyè Joseph Fọláhàn Ọdúnjọ ló kọ ọ́. Ìbarà ní Abẹ́òkúta ni wọ́n bí wọn sí ní 1904, wọ́n sì dolóògbé ní 1980. Olùkọ́ ni wọ́n, ìwé Aláwìyé wọn sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi mọ ìwé kà, títí kan Bàbá mi àti bàbá Bàbá mi. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n di Mínísítà fún ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ àti Iṣẹ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí oyè yẹn: ẹni tó kọ ewì nípa iṣẹ́ ni ìjọba fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Ìjọba yẹn kan náà, èyí tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 1955. Bàbá mi àgbà máa ń sọ pé nígbà tí àwọn jáde ìwé mẹ́fà, iṣẹ́ ló ń wá ènìyàn kiri. Ẹni tó bá mọ ìwé kọ lè di olùkọ́ tàbí akọ̀wé, kí ó sì máa gba owó oṣù. Inú irú ayé bẹ́ẹ̀ ni ewì yìí ti gbilẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń kà á nígbà náà ń fojú rí ohun tó ń sọ.

(Ní kíláàsì lítíréṣọ̀ wa, "ó" la máa ń lò fún akéwì. Bí mo bá lò ó láti ibi yìí lọ, ẹ má ṣe kà á sí àrífín.)

Olùkọ́ tó bá ń kọ́ni ní ewì yìí máa ń sáré kọjá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ó lè tètè dé ibi tí yóò ti rí ẹ̀kọ́ kọ sójú pátákó. Ìbẹ̀rẹ̀ náà ni mo dúró sí. Lẹ́yìn tí akéwì ti gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ níyànjú pé kó múra, ó sọ nípa ẹni tí kò ní alátìlẹ́yìn. Kò pe ẹni náà ní ọ̀lẹ. Ohun tó sọ ni pé ẹni náà máa ń jọ ọ̀lẹ lójú. Àfiwé tààrà ni, "bí" sì ni ọ̀rọ̀ kékeré tó gbé e dúró. Ohun tó bá dà bí ejò, tí kì í sì í ṣe ejò, okùn lè ni. Mo ti ka ewì yìí láti kíláàsì kejì, àwọn olùkọ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti kọ́ mi ní i, kò sí ẹni tó dá mi dúró síbi "bí" yẹn rí.

Ẹ wò ó báyìí. Àwọn àgbẹ̀ méjì wà lójú ọ̀nà kan náà tó lọ sí Ìpàpó. Ọ̀kan ní ẹ̀gbọ́n ní Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n yìí fi owó ránṣẹ́, wọ́n fi háyà tírákítọ̀, nígbà tí òjò kejì rọ̀ ó ti gbin àgbàdo tán. Èkejì kò ní ẹnikẹ́ni. Ọkọ́ ló fi ń ro tirẹ̀, láti ìdájí títí ilẹ̀ fi ń ṣú, síbẹ̀ ìdajì oko rẹ̀ ṣì jẹ́ koríko ní oṣù Kẹfà. Ẹni tó bá gun ọ̀kadà kọjá níbẹ̀ yóò wo oko méjèèjì, yóò sì sọ pé ẹnì kan mọ iṣẹ́ ṣe, pé ọ̀lẹ ni ẹnì kejì. Ohun tí akéwì rí nìyẹn. Ó rí i pé àìlẹ́nìkan máa ń wọ aṣọ ọ̀lẹ fún ènìyàn. Mo gbà fún un níbẹ̀ pátápátá.

Àbùkù tí mo rí ni pé ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kíákíá. Ìwòsàn tó fún ẹni tí kò ní alátìlẹ́yìn ni pé kó túbọ̀ tẹpá mọ́ṣẹ́. Èyí dà bí ìgbà tí dókítà bá rí i pé ebi ló ń pa aláìsàn, tó wá ní kó lọ máa sáré yí pápá ká ní òwúrọ̀. Ẹni tó ń jọ ọ̀lẹ nítorí pé kò ní olùrànlọ́wọ́ ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Kí ni ó tún fẹ́ fi kún un?

Bàbá mi fi kún un. Ní 2024, oúnjẹ wọ́n gógó lọ́jà, inú àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn sì dùn pé ọdún tiwọn dé, torí pé owó epo bẹntiróòlù tó gbẹ́nu sókè láti oṣù Karùn-ún 2023 ti sọ owó ọkọ̀ di òkè, ó sì yẹ kí èrè oko náà gòkè díẹ̀. Ní oṣù Keje 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé kí àgbàdo, ìrẹsì, àlìkámà àti ẹ̀wà máa wọlé láti òkè òkun fún 150 ọjọ́ láìsan owó ibodè, kí ebi lè dínkù nílùú. N kò bá wọn jà lórí ìyẹn, àwọn ará ìlú ńlá náà gbọ́dọ̀ jẹun. Bàbá mi kò tilẹ̀ gbọ́ ìkéde náà dáadáa. Wọ́n yá owó, wọ́n fi ilẹ̀ kún ilẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí àgbàdo 2025 fi máa gbó, owó rẹ̀ ti já wálẹ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n owó ajílẹ̀ àti owó oògùn tí a fi ń pa koríko kò bá a já. Ilẹ̀ tí wọ́n ro lọ́dún náà ni ó tóbi jù láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Òun náà ni wọ́n jẹ gbèsè lé lórí jù.

Nínú ìdánwò, a máa ń gba máàkì bí a bá tọ́ka sí ìfọ̀rọ̀dárà inú àkọlé ewì yìí. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n fi kọ "iṣẹ́" àti "ìṣẹ́". Ohùn orí lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ló yà wọ́n: re-mí ni ọ̀kan, dò-mí ni èkejì. Ẹ kọ ọ́ láìfi àmì sí i, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń kọ Yorùbá lórí fóònù, ẹ kò ní mọ èyí tó jẹ́ oògùn, ẹ kò sì ní mọ èyí tó jẹ́ àìsàn. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ẹwà èdè lásán ni. Lẹ́yìn ọdún 2025, mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe sún mọ́ ara wọn tó nìyẹn lóòótọ́. Kí owó ọjà kan já, kí òjò dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí màlúù wọ oko lóru ọjọ́ kan, ohùn náà á rẹlẹ̀.

Ibi tí ewì náà ti bá mi lójijì ni ibi tí n kò retí. Akéwì kìlọ̀ fún ọmọ pé bí ìyá rẹ̀ bá tilẹ̀ ní owó, bí bàbá rẹ̀ bá tilẹ̀ ní ẹṣin, kí ó má gbára lé e. Ẹṣin, fún àwa ará ilẹ̀ pápá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé. Ẹṣin ni Ọ̀yọ́ àtijọ́ fi ń jagun, ẹni tó bá so ẹṣin mọ́lẹ̀ níwájú ilé rẹ̀ ti jẹun yó. Mọ́tò ló dípò rẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ìyá àti bàbá nìkan ni akéwì dárúkọ. Bí a bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin kíláàsì mi pé ta ni wọ́n ń sọ fún wọn pé kí wọ́n gbára lé, wọn kò ní pe ìyá, wọn kò sì ní pe bàbá. Ọkọ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí àgbà, pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Wọ́n jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní 2023, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí wọn, iṣẹ́ kò sí. Wọ́n kọ́ aṣọ rírán, wọ́n ń dá àjọ láti fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń lo iná, nítorí pé ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń lò kò lè rán aṣọ ilé-ìwé tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Èkó wá sọ pé òun fẹ́ wọn. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó mú ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá, ó dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ọkọ̀ rẹ̀ sì wà níta tí àwọn ọmọdé ń fọwọ́ kàn. Gbogbo ẹbí ní ọ̀nà ti là. Àbúrò ìyá mi sọ ọ́ tààrà: "Iṣẹ́ wo lo tún ń wá? Iṣẹ́ ti wá bá ọ nílé."

Àǹtí àgbà kò kọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí ó dúró títí àjọ yóò fi kan àwọn, kí wọ́n lè gbé ẹ̀rọ náà dání lọ. Ẹbí ní ọjọ́ orí ń lọ, pé ọkùnrin kì í dúró de ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyá mi nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà há Àǹtí àgbà mọ́ra, wọ́n bi àbúrò ìyá mi léèrè pé, "Bí mo bá lọ lọ́wọ́ òfìfo, tí mo sì fẹ́ wá kí yín lọ́jọ́ kan, ta ni n óò tọrọ owó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀?" Ilé dákẹ́. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ọkùnrin náà ṣì ń pe fóònù, àjọ náà ku oṣù mẹ́rin kó kan wọn, n kò sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò já sí.

Ohun tí mo rí nínú ewì nígbà náà ni pé akéwì kò sọ níbì kan pé ọmọkùnrin ni òun ń bá wí. Ọ̀rẹ́ ló pe ẹni tó ń gbọ́ ọ. Èdè wa ràn án lọ́wọ́, nítorí pé "ó" àti "rẹ" kò ní akọ, wọn kò ní abo. Nítorí náà mo ní ẹ̀tọ́ láti fi ọkọ̀ ọkọ kún owó ìyá àti ẹṣin bàbá. Bí ohun tí àwọn òbí mi tó bí mi ní kò bá jẹ́ tèmi, báwo ni ohun tí ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ní ṣe máa jẹ́ tèmi? Àwọn tó ń fi ewì yìí na ọmọkùnrin tí kò fẹ́ lọ sóko yẹ kí wọ́n tún un kà ní ọjọ́ tí wọ́n bá jókòó láti sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọmọbìnrin. Ibi tí ewì náà ti lágbára jù lójú mi nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rò pé akéwì ní àwa ọmọbìnrin lọ́kàn nígbà tó ń kọ ọ́.

Ibi tó ti rọ̀ jù ni ibi tó ti sọ pé ohun tí a kò forí ṣe fọrùn ṣe fún kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ àwọn àgbà nínú. Ṣùgbọ́n àwa ọmọ kíláàsì mi ní ojú. A mọ àwọn ọmọ Yahoo tó gbé ọkọ̀ wọlé láti ọdún 2022, ọkọ̀ náà kò tíì bàjẹ́. A rí ilé àwọn tó fi owó ìlú kọ́lé, òjò ń rọ̀, oòrùn ń ràn, ilé náà kò wó. Bí olùkọ́ bá sọ fún wa pé ohun tí wọn kò làágùn fún kò ní pẹ́, tí ó sì ń pẹ́ lójú wa, kì í ṣe ọmọ Yahoo ni a óò pè ní òpùrọ́. Ìdí tó yẹ kí a sọ fún ọmọ pé kó má jalè ni pé ẹnì kan wà ní ìkangun kejì fóònù yẹn tó ń sunkún. Ewì náà kò rántí ẹni yẹn. Ẹni tó ni ohun ìní náà nìkan ni ó ń wò, bóyá yóò pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí kò ní pẹ́.

Nípa ti ìwé kíkà, akéwì ní ẹ̀kọ́ máa ń gbé ènìyàn dé ipò ọ̀gá, ó sì bẹ ọmọ pé kó má bá àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kẹ́gbẹ́. Nígbà ayé rẹ̀, ó rọrùn láti mọ àwọn ẹlẹ́yà yẹn: àwọn tí kò wọ ilé-ìwé ni. Lónìí, àwọn tó jáde yunifásítì gan-an ló ń rẹ́rìn-ín jù. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tó kọ́ mi ní ewì yìí máa ń fi ọ̀kadà gbé èrò lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti parí. Ó ti gbé mi rí. Ó kọ̀ láti gba owó lọ́wọ́ mi, kò sì wo ojú mi. N kò lè fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, n kò sì lè bínú sí ọmọ tó bá wò ó tó wá sọ pé òun kò lọ sí ilé-ìwé mọ́.

Akéwì tún fi ìgbà èwe wé àárọ̀, ó ní kí a má fi ṣòfò. Àwa fẹ́ jí ní àárọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lu agogo kò tíì fẹnu kò. Ní 2024, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ wọ yunifásítì. Kí ọdún náà tó parí, Mínísítà mìíràn ti dé, ó ní ọdún 16 ti tó. Láàárín oṣù díẹ̀, èmi tí mo ti ń pète láti lọ kọ́ṣẹ́ fún ọdún méjì tún padà di ẹni tó gbọ́dọ̀ wá owó ìdánwò kíákíá. Ní ọdún 2024 kan náà ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lówó láti ọ̀dọ̀ àjọ tí wọ́n ń pè ní NELFUND. N kò tíì pinnu bóyá n óò gba irú owó bẹ́ẹ̀, nítorí pé mo ti rí ohun tí gbèsè ń ṣe nínú ilé. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ wo ohun tí ètò náà ń sọ nípa ewì wa: ìjọba fúnra rẹ̀ ti gbà pé ọmọ kò lè dá kàwé yanjú láìní ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́. Ewì náà ní kí a má gbára lé ẹnikẹ́ni, ó tún ní kí a kàwé dáadáa. Ta ló ń san owó ìwé nínú ewì náà? Ní 1955, ìjọba ló ń san án, Mínísítà tó kọ ewì náà sì wà nínú ìjọba yẹn. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó bá jókòó sórí àga gbàgbé àga náà.

Èmi fẹ́ kọ́ nípa bí a ṣe ń tọ́jú oúnjẹ lẹ́yìn ìkórè, kí àgbàdo má máa di ẹrù tí a gbọ́dọ̀ tà lọ́jọ́ tí oníbàárà bá fẹ́. Yunifásítì LAUTECH ti gbé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wá sí Ìsẹ́yìn, kò jìnnà sí wa, n kò ní láti háyà ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá mi rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́. Wọ́n ní, "Àgbẹ̀ la bí ọ, o tún fẹ́ san owó lọ kọ́ ọ." Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n bi mí pé eélòó ni fọ́ọ̀mù náà.

Ó ku ibi kan tí mo fẹ́ bá akéwì jiyàn. Ó fi ẹ̀yà ara ṣe ẹbí fún wa. Ó ní apá tí a fi ń ṣiṣẹ́ àti ìgbọ̀nwọ́ wa ni ìbátan tó dájú. Àwòrán náà rẹwà, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ tó lè gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kọ ebè rí mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe é ní ilẹ̀ wa. Àwọn bàbá wa ní àáró: bí àgbẹ̀ mẹ́fà bá para pọ̀, gbogbo wọn á ro oko ọ̀kan lónìí, wọ́n á ro ti èkejì lọ́jọ́ mìíràn, títí yóò fi yí kan gbogbo wọn, ẹni tó bá jẹ àáró sì gbọ́dọ̀ san án. Ọ̀wẹ̀ tún wà, èyí tí ènìyàn máa ń bẹ̀ fún iṣẹ́ ńlá, tí yóò sì se oúnjẹ. Láyé àtijọ́, ọkọ àfẹ́sọ́nà máa ń kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ láti lọ ṣe ọ̀wẹ̀ ní oko àna rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n ní ọkọ nìyẹn, kì í ṣe mọ́tò. Àwọn ìyá wa ní àjọ àti èsúsú. Nínú gbogbo èyí, ènìyàn ń gbára lé ènìyàn, kò sì sí ọ̀lẹ níbẹ̀, torí pé ìwọ náà ni wọn yóò gbára lé lọ́la. Akéwì mọ̀ pé àwọn kan wà tí apá wọn nìkan kò tó, ó ṣáà ni ó kọ ìwé Kúyè tó jáde ní 1964, nípa ọmọ tí kò gbọ́ràn tí kò sì lè sọ̀rọ̀. Nínú ewì, ó mú gbígbára lé ohun ìní ẹlòmíràn, ó sì fi orúkọ kan náà pe gbígbára lé ara ẹni. Mo rò pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mọ́tò ọkùnrin Èkó yẹn ni èkíní. Àjọ Àǹtí àgbà ni èkejì.

Ní Sátidé tó kọjá, àáró kan Bàbá mi. Àwọn márùn-ún wá, wọ́n sì di mẹ́fà pẹ̀lú Bàbá. Èmi àti àbúrò mi gbé omi lọ bá wọn. Kí oòrùn tó mú, wọ́n ti kọ ebè dé ìdí igi kajú tó wà ní ìparí oko, ibi tí Bàbá nìkan ì bá lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko kó tó dé. Àbúrò mi dúró lẹ́bàá poro, ó ń nawọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ewì rẹ̀ ló tún ń kà. "Àǹtí," ó ní, "apá méjìlá ni." Mo ní kó gbé omi fún ẹni tó kàn, torí wọ́n ti ń pè é.